ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌ ALÁǸTAKÙN LÓRÚKỌ

   Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àkọlé ọ̀rọ̀ mi lé yín sá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti àìríṣẹ́ṣe ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Aláǹtakùn ni mo mú wá ní tèmi. Kì í ṣe èyí wẹ́wẹ́ tí ó ń ta okùn sí kọ̀rọ̀ yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì o. Èyí tí mo ń sọ ni aláǹtakùn ńlá onírun, tí ń gbé inú ihò ilẹ̀ tàbí inú ihò igi, tí òmíràn nínú wọn tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Tarantula ni Òyìnbó ń pè é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ó tó àkókò kí a ka wíwá ẹ̀dá inú igbó àti orí òkè wa, pípín wọn sí ìsọ̀rí, àti sísọ wọ́n lórúkọ, sí iṣẹ́ tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Bí a kò bá ṣe é, àwọn ẹlòmíràn yóò máa bá wa ṣe é lọ. Èyí tí ọwọ́ wọn kò bá sì tó, yóò parun láìní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé jáde lórí àwọn aláǹtakùn onírun tí ń gbé orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà méje tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún lórúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ agboolé tí wọ́n ń pè ní Hapalotremus. Ibi tí wọ́n ti rí òmíràn nínú wọn fi ohun tí ó lé ní 4,000 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ẹ fi wé òkè tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Ibi tí òtútù ti ń mú omi dì lóru, tí èèyàn ń fi ẹnu àti imú mí, ibẹ̀ ni aláǹtakùn fi ṣe ilé.

Kí ló dé tí orí òkè fi ń ní ẹ̀dá tí a kì í rí níbòmíràn? Ẹ rò ó wò ná. Aláǹtakùn onírun kò ní ìyẹ́, kò sì jẹ́ arìnrìn-àjò. Abo rẹ̀ lè gbé ogún ọdún láyé, kí ó má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ihò rẹ̀. Akọ ló ń rìn kiri nígbà tí ó bá dàgbà tán tí ó ń wá aya, kì í sì í pẹ́ kú lẹ́yìn náà. Bí òkè méjì bá wà, tí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná wà láàárín wọn, ẹ̀dá tí òtútù ti mọ́ lára kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Ọmọ yóò máa bí ọmọ lórí òkè ti ìhín, ọmọ yóò máa bí ọmọ lórí òkè ti ọ̀hún, títí ọdún gbọọrọ yóò fi kọjá, tí àwọn méjèèjì kò ní mọ ara wọn mọ́. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Sapele mọ bí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń rí. Bí Itsekiri bá ń sọ̀rọ̀, etí ọmọ Yorùbá a máa gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, díẹ̀ a sì máa bọ́ sọnù. Orísun kan náà ni, ṣùgbọ́n omi àti ìrìn ọjọ́ pípẹ́ ti wà láàárín. Bí ó ti rí fún ohùn èèyàn ni ó rí fún ẹsẹ̀ àti irun aláǹtakùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Ǹjẹ́ ẹ mọ Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó? Púpọ̀ nínú wa ti lọ síbẹ̀ fún ìgbafẹ́. A ka àtẹ̀gùn rẹ̀ títí ó fi sú wa, a ya fọ́tò, a sọ̀ kalẹ̀. Lórí àpáta yẹn ni Arne Schiøtz, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti rí ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó fún lórúkọ ní ọdún 1963. Ó fi orúkọ náà yẹ́ onímọ̀ mìíràn sí, ìyẹn Jean-Luc Perret, ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Ìdànrè nìkan ni a mọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí mọ́ ní gbogbo ayé. Ìgbé ayé rẹ̀ sì yàtọ̀. Kì í ṣe inú adágún ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lẹ́sẹ̀ ń gbé, bí kò ṣe ara àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà, ohun tí ó lé ní ogójì ọdún kọjá tí onímọ̀ kankan kò fi ròyìn pé òun rí ọ̀pọ̀lọ́ náà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé bóyá ó ti parun. Ní ọdún 2014 ni Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè tẹ ìròyìn jáde pé àwọn ti tún rí i lórí Òkè Ìdànrè kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀lọ́ kò lọ sí ìrìn-àjò o. Ibi tí ó wà náà ló wà. Àwa ni a kò wá a.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ nìkan kọ́. Ní ọdún 1958 ni J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ẹyẹ kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ náà wà. Ìlú ńlá bí Ìbàdàn, tí èèyàn pọ̀ bí eṣú, ẹyẹ kan ń fò lórí ilé wọn tí ìwé sáyẹ́ǹsì kò tíì mọ̀ títí di 1958. Bí ẹyẹ tí ń fò lójú ọ̀run tí ń ké bá lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wá sọ nípa aláǹtakùn tí kì í dún, tí kì í fò, tí ń jáde lóru nìkan? Ta ni nínú wa tí ó ti fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ihò rẹ̀ lórí Ìdànrè, ní Òkè Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí ní àwọn òkè Àkókó?

Bí ẹ bá ń ka ìwé lórí àwọn aláǹtakùn onírun ilẹ̀ wa, orúkọ kan ni ẹ óò máa bá pàdé: Reginald Innes Pocock, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1897, ó fún Hysterocrates gigas ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù àti Hysterocrates laticeps ti Nàìjíríà lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ó tún fún Hysterocrates hercules ti Nàìjíríà lórúkọ, pẹ̀lú Heteroscodra maculata tí ń gbé orí igi ní ẹkùn tiwa yìí. Àwọn aláǹtakùn tí a ti rì sínú ọtí líle nínú ìgò ni ó tẹjú mọ́, tí ó fi ń kọ̀wé. Orúkọ Pocock yìí kan náà sì ni wọ́n fi sọ ọ̀bọ ọlọ́fun-funfun tí ń gbé inú igbó Okomu, tí kò jìnnà sí wa níbí ní Bìní: Cercopithecus erythrogaster pococki. Ẹ ò rí i? Ọ̀bọ ẹ̀bá ilé wa ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó fi orúkọ fún aláǹtakùn ẹ̀bá ilé wa.

Kò sí ẹni tí ń gbé Bìní tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1897. Ọdún tí àwọn ìwé wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú yìí, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì kó ère idẹ lọ. Èmi kò sọ pé Pocock jalè o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa, nítorí pé títí di òní a kò lè sọ̀rọ̀ lórí Hysterocrates láìdárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ère àti aláǹtakùn gbà lọ, ọkọ̀ ojú omi. Ère ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2025 ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà. Ta ló ń béèrè aláǹtakùn? Ní tèmi o, èmi kò tilẹ̀ ní kí wọ́n dá a padà. Ìgò yẹn jẹ́ ẹ̀rí fún gbogbo ayé, ó sì wà ní ìpamọ́ dáadáa. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé, ìgò kejì dà, tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wa? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláǹtakùn tí òun rí ní Okomu jẹ́ laticeps tàbí òmíràn, ṣé títí ayé ni yóò fi máa tọrọ físà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó mọ̀?

Àwọn kan yóò bi mí pé, báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yà tuntun ni aláǹtakùn kan? Ó jọ ìsọmọlórúkọ wa. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wo ilé aláǹtakùn. Ẹni tí ó bá rí i yóò kọ́kọ́ kọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀, bí ibẹ̀ ti ga tó, ọjọ́ wo ni, inú ihò ni tàbí ara igi. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, òkú kòkòrò lásán ni ó mú wálé. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Yóò wo irun ara rẹ̀, yóò ka ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wọn gígùn oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ akọ, yóò wo ọwọ́ kékeré iwájú tí ó fi ń gbé omi ara rẹ̀ fún abo. Bí ó bá jẹ́ abo, yóò wo àpò inú tí ó ń fi omi náà pamọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ẹ̀yà tí ó jọra lójú ti sábà máa ń yàtọ̀. Lóde òní wọ́n tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wò láti mọ ìbátan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún èèyàn.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi í wé gbogbo èyí tí àwọn aṣáájú ti kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò kéré. Ìwé tí Clerck, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ ní 1757 ni orúkọ aláǹtakùn ti bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ṣáájú ìwé Linnaeus ti 1758 tí orúkọ àwọn ẹranko yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, iye ẹ̀yà aláǹtakùn tí ó ti ní orúkọ wọ 50,000. Àwọn onírun nínú wọn lé ní 1,000. Bí kò bá bá ìkankan mu nínú wọn, ìgbà náà ni yóò fún un ní orúkọ méjì: ti agboolé ṣáájú, ti ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ wa nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Yóò yan ọ̀kan nínú àwọn tí ó mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, yóò fi í pamọ́ sí ibi tí gbogbo onímọ̀ ti lè rí i, yóò sì tẹ̀wé jáde. Bí kò bá tẹ̀wé jáde, orúkọ kò tíì mọ́ ọn lórí.

Àwọn kan nínú wa wà tí yóò sọ pé gbogbo èyí kò kàn wá, pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo ẹ̀dá inú igbó kí Òyìnbó tó dé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Ẹ wo bí Yorùbá ti pín ejò: ọká yàtọ̀, erè yàtọ̀, sèbé yàtọ̀, paramọ́lẹ̀ yàtọ̀, agbáàdú yàtọ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀. Ẹ wo èèrà, ìjàlọ àti tàǹpẹ́pẹ́. Ìsọ̀rí gidi ni ìwọ̀nyí. Ojú tí ó ríran ló ṣe é. Àmọ́ tí a bá dé ọ̀dọ̀ aláǹtakùn, orúkọ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wa ní. Àwọn ibì kan ń pè é ní jàǹkárìwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka èdè ló fa ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yà. Kí ló fà á? Lójú tèmi, ohun tí a ń jẹ, ohun tí ń pa wá, àti ohun tí a fi ń ṣe oògùn ni èdè máa ń pín kúnná. Èyí tí kò sí nínú mẹ́ta yìí, a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Kì í ṣe àbùkù Yorùbá nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èdè ayé ń ṣe. Ohun tí ìmọ̀ ìsọ̀rí wá ṣe ni láti tú apẹ̀rẹ̀ náà wò.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ìmọ̀ àwọn àgbà kò wúlò. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Àǹgólà. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ méjì láti Gúúsù Áfíríkà tẹ ìwé jáde lórí aláǹtakùn onírun kan tí ó ní ìwo lẹ́yìn. Ìwo náà kò le bí ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ó rọ̀ bí àpò tí kò ní nǹkan nínú. Wọ́n pè é ní Ceratogyrus attonitifer. Tuntun ni lójú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun lójú àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ti ní orúkọ fún un lédè Luchazi, chandachuly ni wọ́n ń pè é. Àwọn náà ló sọ fún àwọn onímọ̀ pé kòkòrò ni ó ń jẹ, àti pé ihò tí ó bá nílẹ̀ ni abo rẹ̀ ń mú gbòòrò, pé kì í gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà kò fi ojú kéré rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pẹ̀lú orúkọ ìbílẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: awò ilé ẹ̀kọ́ kò lè sọ fún ọ bí aláǹtakùn ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀, àgbà oko kò sì lè sọ fún ọ bóyá irú rẹ̀ wà ní Tógò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Wàyí o, mo mọ ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu yín. Ebi ń pa wá, owó ilé ẹ̀kọ́ ń gùn sí i, iṣẹ́ kò sí níta, o wá ń sọ̀rọ̀ aláǹtakùn! Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ka ìmọ̀ nípa ẹranko sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun sọ ohun tí òun ń kà fún àwọn ẹbí, èkíní béèrè bóyá màálù ni òun yóò máa tọ́jú, èkejì sì ní kí òun tètè tún ìdánwò ṣe kí òun lè wọ ẹ̀ka ìṣègùn. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. N óò fi gàrí dá yín lóhùn, nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ gàrí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan wọ ilẹ̀ Kóńgò láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó kéré, ó funfun, ó dà bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lù ú. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń fa omi rẹ̀ mu. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ń ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà, ó sì dé Nàìjíríà. Ní 1977 ni obìnrin onímọ̀ ìsọ̀rí kan, Matile-Ferrero, fún un lórúkọ: Phenacoccus manihoti. Àwọn onímọ̀ wá gbéra lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti wá ọ̀tá rẹ̀ tí yóò máa pa á. Wọ́n rí kòkòrò kan lára ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ tí ó jọ ọ́ bí ìbejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tí ń pa ti ọ̀hún kò ṣe nǹkan kan fún tiwa. Kí ló dé? Àwọn onímọ̀ ìsọ̀rí gbé e sábẹ́ awò, wọ́n ní: ìbejì kọ́ o, ẹ̀yà mìíràn ni. Wọ́n fún òun náà lórúkọ ní 1981, Phenacoccus herreni. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí èyí tí wọ́n ń wá gan-an ní ilẹ̀ Paraguay. Wọ́n bá agbọ́n tín-ín-rín kan níbẹ̀ tí ń yé ẹyin sí i lára. Ilé iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn tọ́ agbọ́n náà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981 kan náà, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Agbọ́n náà ṣẹ́gun. Hans Herren tí ó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún ń bomi sí gàrí, ẹ rántí pé àwọn kan jókòó ti awò, wọ́n ń ka irun ara kòkòrò, kí gàrí náà tó lè wà. Bí wọ́n bá ti sọ pé funfun ni gbogbo wọn, kí a máa lọ, ìgbà wo ni wọn ì bá rí ọ̀tá rẹ̀?

N kò sọ pé aláǹtakùn Ìdànrè yóò fún wa ní gàrí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín aláǹtakùn méjì ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ajẹnirun méjì ní ọjọ́ tí ìyọnu bá dé. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ọjọ́ ogun.

Ní ti ẹ̀rù, mo gbà pé aláǹtakùn ńlá ń dẹ́rù bani. Àwọn ti Áfíríkà kò ní irun tí ń yúnni bí èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ti Amẹ́ríkà fi ń gbèjà ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń géni jẹ, oró wọn a sì máa fa ìrora gan-an. Nítorí náà, kò sí ẹni tí mo ní kí ó fọwọ́ kàn án. Ojú ni kí a fi wò ó. Ṣùgbọ́n kí á tó gbé bàtà lé e lórí, kí á rántí pé kòkòrò tí ń dààmú wa ni ó fi ń ṣe oúnjẹ.

Kí ló wá ń lépa wa tí mo fi ń pariwo báyìí? Igbó ń tán. Ẹ wo ọ̀nà tí ó lọ láti Bìní sí Òrè, bí a ti ń gé igi, tí a ń gbin rọ́bà, ọ̀pẹ àti kòkó. N kò bá àgbẹ̀ jà. Oúnjẹ ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí òkè kan ṣoṣo ni ilé rẹ̀, bí a bá dáná sun òkè náà, kò ní ilé bàbá mìíràn tí yóò sá lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí ń fi aláǹtakùn onírun ṣe ohun ọ̀sìn, ti ẹkùn wa yìí sì wà lára àwọn tí wọ́n ń rà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ mìíràn kì í fi í kọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀yà tuntun ní ṣàkó mọ́, kí àwọn oníṣòwò má baà gbẹ́ gbogbo ihò tán kí ìwé tó gbẹ. Ẹ ò rí i pé àwọn ẹlòmíràn ti mọ iye tí ohun tí a ń fi bàtà tẹ̀ tó?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ̀ wá.

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, ìmọ̀ ewéko àti ìmọ̀ igbó, nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ má ṣe sá fún iṣẹ́ ìsọ̀rí nítorí pé kò dún lẹ́nu. Okomu kò jìnnà. Ẹ mú àkọsílẹ̀ yín péye: ibi, ọjọ́, gíga ilẹ̀, ẹni tí ó rí i. Ìgò tí ẹ bá fi orúkọ ibi àti ọjọ́ sí lára lónìí lè di ẹ̀rí fún ẹni tí a kò tíì bí.

Èkejì, gbogbo wa pátá, yálà òfin ni à ń kà tàbí ìṣirò owó, nígbà tí a bá lọ fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Aláǹtakùn mélòó ni ẹ mọ̀? Èwo ló ń gbé ihò? Kí ni ẹ ń pè é ní ìlú yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ìlú. Níbi ọ̀rọ̀ yìí, àwa tí wọ́n tọ́ lẹ́yìn odi ní àǹfààní kan. Ọmọ tí ó dàgbà sínú ilé kì í sábà béèrè orúkọ ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwa ń béèrè ohun gbogbo, wọn kì í sì í bínú sí wa, wọ́n á ní ọmọ Sapele ni, kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ wa yìí ń ṣe ọjọ́ àṣà lọ́dọọdún, a ń jó, a ń wọ aṣọ òkè, ó sì dára. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé àkọsílẹ̀ kan kún un, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìsinmi dé yóò máa kọ orúkọ ẹ̀dá tí ó gbọ́ sínú rẹ̀. Kò ní ná wa ju owó ìwé kan lọ. Bí ó bá pé ọdún mẹ́wàá, a ó ní ohun tí a lè gbé síwájú àwọn onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ẹranko láìtijú.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ̀dá tí kò lórúkọ, òfin kò lè dáàbò bò ó, ìwé kò lè kà á, ọmọ wa kò sì ní mọ̀ pé ó wà rí. Àwọn tí ó wá láti òkèèrè ti ṣe tiwọn. Ẹ̀yà méje lórí òkè Andes kò ju ìwé kan lọ fún àwọn tí ó múra. Ìdànrè wà níbẹ̀. Òkè Àgbò wà níbẹ̀. Okomu wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fẹ́ máa sọ pé ó ti kú, orí àpáta ló jókòó sí tí ó ń dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí a dìde lọ wo ohun tí ó jókòó tì í.